Sátidé Mẹ́ta fún Kámẹ́rà Kan

Ajé, 4 Oṣù Kẹsàn-án

Omi wọ kámẹ́rà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè gbà pé òótọ́ ni.

Mítà méje péré ni mo wà nísàlẹ̀. Adágún mọ́ bíi gíláàsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, ó sì ti tó oṣù mẹ́wàá tí mo ti ń retí irú omi bẹ́ẹ̀. Mo rí ìtẹ́ ẹja mẹ́ta lórí iyanrìn, róbótó róbótó bí àwo, ẹja kọ̀ọ̀kan ń fi ẹnu bu iyanrìn jáde nínú tiẹ̀. Mo gbé kámẹ́rà sójú báyìí, mo rí omi tó ń mì lẹ́yìn gíláàsì. Nínú lọ́hùn-ún, níbi tí omi kò gbọ́dọ̀ dé láéláé.

Ẹ̀gbọ́n mi fà mí sínú ọkọ̀. "Kí ló dé? Ìgò afẹ́fẹ́ rẹ ṣì kún."

Mo dorí kámẹ́rà kodò, omi dà sí i lẹ́sẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wò mí, ó ní "Háà." Ó tan ẹ́ńjìnnì.

Nílé, mo tú u, mo rí ohun tó fà á: irun kan ṣoṣo, irun orí èmi fúnra mi, tó há sábẹ́ rọ́bà tó yí ẹnu ìdérí ká. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ya fọ́tò lábẹ́ omi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń fi ìka yí rọ́bà yẹn ká kí n tó dé e. Lónìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni, torí pé ẹ̀gbọ́n mi ń pariwo pé oòrùn ti ń ga. Mi ò ní sọ fún un láéláé.

Ìṣẹ́gun, 5

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Dókítà. Aláìsàn tirẹ̀ ni kámẹ́rà àti rédíò, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára. Ó tẹ́ aṣọ funfun, ó tú u sórí rẹ̀, ó gbé iná sún mọ́ ọn.

"Aǹtí, ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Sọ ọ́."

"Ẹ jókòó ná."

Mo jókòó.

"Ó ti lọ."

"Kò sí ohun tí a lè pààrọ̀ nínú ẹ̀?"

"A lè pààrọ̀ gbogbo ẹ̀. Tí a bá sì ti pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ tán, kámẹ́rà tuntun lẹ rà yẹn."

Lẹ́ǹsì nìkan ló yè. Dókítà kọ̀, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kí àyà mi já. Bí oníṣẹ́ ọwọ́ bá ti ń ṣàánú èèyàn, ọ̀rọ̀ ti kọjá àtúnṣe.

Ọjọ́bọ̀, 7

Mo dé ilé ìtajà ńlá. Obìnrin tó ń tajà níbẹ̀ ní ohùn bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Mo bá a ṣàlàyé pé kámẹ́rà nìkan ló kú, pé ilé rẹ̀ tí mo fi ń gbé e wọmi kò sí nǹkan kan tó ṣe é.

"Ilé tiyín ti di ti àtijọ́, mà. Wọ́n ti sún àwọn bọ́tìnì nípò lára kámẹ́rà tuntun."

"Wọ́n sún un dé ibo?"

Ó fi èékánná hàn mí. Kò tó ìbú ẹyọ ìrẹsì. Nítorí ìbú ẹyọ ìrẹsì, ilé tí mo fi ọdún mẹ́rin tọ́jú owó kí n tó rà ti di àpótí tí èèyàn lè fi tọ́jú àlùbọ́sà.

Kámẹ́rà tuntun: gbogbo ohun tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ ń mú wọlé fún oṣù mẹ́rìnlá, tí a ò bá jẹun. Ilé tirẹ̀: ti kámẹ́rà, ká tún fi ìdajì lé e. Mo rò pé a ti parí.

"Owó gíláàsì iwájú rẹ̀ yàtọ̀, mà."

"Ilé wo ni wọ́n ń tà láìní fèrèsé?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ẹ̀rín rín. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá àwọn ọmọ, ó ń fọ abọ́ lọ́wọ́. Ó ní, "Ṣé kò sí èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ?" Mo ní, "Èyí tó kéré jù ni mo sọ fún yín yẹn." Ó tún abọ́ kan náà fọ̀.

Ẹtì, 8

Ilé iṣẹ́ adójútòfò dáhùn. Àdéhùn wa kò kan òfò tí omi bá fà. Kámẹ́rà abẹ́ omi o! Mo ka gbólóhùn náà sókè fún akọ̀wé wọn lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun náà ti kà á.

Ajé, 11

Lánàá mo fi fóònù sínú ike kan tí wọ́n ń tà létí omi, mo gbé e wọmi, mo fi ya ẹja. Ọ̀mọ̀wé, onímọ̀ ẹja tí mò ń ya fọ́tò fún, fi èyí tó dára jù níbẹ̀ ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ tó ń pinnu ọ̀rọ̀ adágún láàárọ̀ yìí, bóyá wọ́n á gbà á. Ní ọ̀sán ó pè mí láti ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí wọn. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ti kọ̀wé padà, ó sì kà á fún mi: "A kò lè mọ̀ bóyá ẹja ni tàbí bàtà."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú àwa méjèèjì.

Ọdún mẹ́fà ló ti fi ń ka ẹja adágún yìí, inú ìwé rẹ̀ kún fún nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ní nọ́ńbà nìkan kò tó. Wọ́n fẹ́ fi ojú ara wọn rí ẹyin nínú ìtẹ́. Orí abẹ́rẹ́ tóbi ju ẹyin yẹn lọ. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa jókòó. Bí wọn ò bá rí nǹkan kan, ẹ̀rọ tó ń wa iyanrìn máa wọ apá àríwá adágún lọ́sẹ̀ náà gan-an, ibẹ̀ sì ni gbogbo ẹja tí ẹ̀gbọ́n mi ń pa ti ń bẹ̀rẹ̀ ayé. Ó ní ọmọ márùn-ún. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn, kò sì fẹ́ mọ̀.

Ọjọ́rú, 13

Mo ń fọṣọ ni ojú mi là sí ọ̀rọ̀ náà. Kí ni mo fẹ́ fi kámẹ́rà tuntun ṣe? Ti àtijọ́ ni mo nílò, irú èyí tó kú gan-an. Ilé wà, ẹni tó máa gbé inú ẹ̀ ló kù.

Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí wọn ò ṣe irú rẹ̀ mọ́. Mo pe èèyàn mẹ́tàdínlógún. Ọ̀kan ní òun ní i, òun ń fi í dá ilẹ̀kùn dúró. Mo sáré débẹ̀, irú mìíràn ni. Ẹlòmíràn mọ̀ pé mò ń wá a lójú méjèèjì, ló bá dá iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti tuntun. Mo sọ ọ̀rọ̀ kan sí i tí mi ò ní kọ síbí.

Ní ìrọ̀lẹ́, Dókítà pè. "Rẹ́rìn-ín tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó ní ọ̀kan. Ẹ máa fara balẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ o, agídí rẹ̀ pọ̀."

Ọjọ́bọ̀, 14

Mo ta ọ̀kan nínú iná abẹ́ omi mi méjèèjì, kí ọwọ́ mi má baà ṣófo lọ bá Rẹ́rìn-ín. Iná kan, ìdajì ẹja. Ká máa wò ó.

Ẹtì, 15

Ọdún mọ́kàndínlógójì ni Rẹ́rìn-ín ti ń ya fọ́tò ìgbéyàwó. "Ẹ rẹ́rìn-ín!" tó máa ń kígbe mọ́ gbogbo èèyàn ló di orúkọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ń dùn ún, orí àga ló jókòó sí bí mo ṣe wọlé, kámẹ́rà náà wà lórí itan rẹ̀ bíi pé ológbò ni. Irú tèmi gan-an! Ara rẹ̀ ti bó, ojú rẹ̀ a sì máa há lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá fi í fún mi lónìí, inú mi ì bá dùn ju kí wọ́n fún mi ní ilé.

Mo gbé owó iná síwájú rẹ̀. Ó fi ojú wọ̀n ọ́n.

"Kò tó."

"Ohun tí mo ní nìyẹn, sà."

"Ẹ mọ fọ́tò yà, àbí?"

"Mo mọ̀ ọ́n yà."

"Ti kí ni?"

"Ti ẹja."

Ó fọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀. "Mo ti gba ìgbéyàwó Sátidé mẹ́ta, ẹ̀yìn mi ò sì jẹ́ kí n dúró. Ẹ bá mi yà wọ́n. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, kámẹ́rà di tiyín. Títí dìgbà náà, tèmi ni."

Mo ní kí ó jẹ́ kí n máa gbé e wọmi láàárín ọ̀sẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kí ó jẹ́ kí n fi ìyá rẹ̀ dáná. Sátidé mẹ́ta! Nínú àkókò tí omi fi mọ́, tí kì í ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ. Mo ní mo gbà.

Àbámẹ́ta, 16

Ìgbéyàwó kìíní. Ẹja kì í sọ fún èèyàn pé apá ọ̀tún òun ló dára jù. Ẹ̀gbọ́n ìyá ìyàwó sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mẹrin. Rẹ́rìn-ín jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, ó ń pariwo láti ibẹ̀: "Ẹ sún mọ́ wọn! Wọn ò ní sá!"

Nísàlẹ̀ omi, mo máa ń sé èémí kí ìfófòó má baà lé ẹja lọ. Mo ṣàkíyèsí pé mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ náà, nígbà tí ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú.

Àìkú, 17

Ẹsẹ̀. Ẹ̀yìn. Etí. Omi mọ́ gaara lónìí, ẹ̀gbọ́n mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò lọ wò ó.

Àbámẹ́ta, 23

Ìgbéyàwó kejì. Òjò rọ̀ bí wọ́n ṣe ń jáde, gbogbo wọn sá, èmi nìkan ló dúró síta tí mò ń yà á. Rẹ́rìn-ín wo àwọn fọ́tò náà, ó ní mo ti gé orí bàbá ọkọ kúrò nínú mẹ́ta. Kò sọ nǹkan kan nípa èyí tí mo yà nínú òjò, ṣùgbọ́n mo rí i tó padà sí i lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́bọ̀, 28

Ọ̀mọ̀wé pè mí ní kùtùkùtù. Àwọn ẹja ti yé ẹyin. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún, ẹyin á pa, kò ní sí ohun tí a máa fi han ẹnikẹ́ni. Rédíò sì ní atẹ́gùn ńlá ń bọ̀ ní ọjọ́ Àìkú. Bí atẹ́gùn bá ti ru adágún yẹn sókè, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Mo sáré lọ bá Rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ọ̀la nìkan."

"Ìgbéyàwó ṣì ku ọ̀kan."

"Mo máa ṣe é. Mo ti ṣe méjì, ẹ rí i pé mi ò sá."

"Ìgbà tí ẹ bá ṣe é tán, ẹ gbé e lọ sínú omi, ẹ gbé e lọ sínú iná, kò kàn mí mọ́. Kò tíì di tiyín."

Mo fẹ́ sunkún níwájú rẹ̀. Mo fẹ́ gbá a létí. Mi ò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì, mo kí i, mo jáde.

Ẹtì, 29

Ó fún mi ní kámẹ́rà lọ́sàn-án kí n lè fi iná sí bátìrì rẹ̀ di ọ̀la, bó ṣe máa ń ṣe. Aago mọ́kànlá ni ìgbéyàwó. Mo gbé e sórí tábìlì, mo gbé ilé rẹ̀ ti abẹ́ omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ wo méjèèjì, ó wò mí.

"Tí omi bá tún wọ ọ́ ńkọ́?"

"Ẹ má bi mí."

"Mo ní láti bi ẹ́."

"A jẹ́ pé mo ti ba nǹkan oní-nǹkan jẹ́ nìyẹn, mo sì mọ̀ ọ́n-mọ̀ ṣe é."

Kò ní kí n má lọ. Ó gbé ẹnu ìdérí náà síbi ìmọ́lẹ̀, ó bá mi wá irun.

Àbámẹ́ta, 30

Ó ti rẹ̀ mí ju kí n kọ̀wé lọ, ṣùgbọ́n bí mi ò bá kọ ọ́ lónìí, ọ̀la mo lè fi irọ́ bò ó.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ ni a ti wà lórí omi. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo fi ìka yí rọ́bà ká. Ẹ̀gbọ́n mi kò pariwo.

Ìtẹ́ kẹta ló ní ẹyin tó pọ̀ jù. Akọ dúró lórí rẹ̀, ó ń fi lẹ́bẹ́ fẹ́ wọn. Bí mo ṣe sún mọ́ ọn, ó rí òjìji ara rẹ̀ nínú gíláàsì, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án. Ẹja tí kò gùn tó ọwọ́ mi! Ó kàn án, ó padà lọ wo ẹyin rẹ̀, ó tún wá kàn án. Pẹ̀lú iná kan, òkùnkùn ń bo apá òsì ìtẹ́, mo sì ní láti máa yí kiri kí oòrùn lè bá mi tan ibi tí iná kò dé. Mo tẹ̀ ẹ́, ojú kámẹ́rà há. Mo tún un tẹ̀, ó ṣí. Mo ti ya mẹ́rin nígbà tí mo rí i: ẹ̀kán omi, nínú lọ́hùn-ún, ó ń ṣàn lọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì.

Ohun tó yẹ kí n ṣe yé mi. Kí n gòkè. Kámẹ́rà ẹni ẹlẹ́ni ni. Mo fi orí kámẹ́rà sísàlẹ̀ kí ẹ̀kán náà lè lọ sí igun, mo dúró ní wíwọ́ bẹ́ẹ̀, mo tún ya méje. Mi ò ṣèèṣì ṣe é. Mo rò ó, mo sì ṣe é.

Nígbà tí a tú u lórí ọkọ̀, gbígbẹ ni kámẹ́rà. Òógùn ni ẹ̀kán tí mo rí, gíláàsì ló làágùn torí pé omi tutù ju afẹ́fẹ́ tí mo dé mọ́ inú lọ. Ẹ̀gbọ́n mi gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi.

Mo dé gbọ̀ngàn ní ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn aago mọ́kànlá. Ìyàwó ni ó kọ́kọ́ rí mi. "Aǹtí, ẹ ń kán sílẹ̀." Mo ya gbogbo wọn, orí àti ẹsẹ̀.

Àìkú, 1 Oṣù Kẹwàá

Atẹ́gùn dé bí wọ́n ṣe wí. Adágún dà bí omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ̀ màlúù.

Káàdì tí fọ́tò ń wọ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo ní, ìkejì bá kámẹ́rà mi kú. Mo ti kó àwọn ẹja sórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n mi ò pa wọ́n rẹ́ kúrò lórí káàdì kí n tó gbé e lọ bá Rẹ́rìn-ín. Mo lè pa wọ́n rẹ́. Mo jókòó sínú bọ́ọ̀sì, mo ń wo káàdì náà lọ́wọ́ mi, mi ò kàn lè ṣe é ni.

Ó ṣí i. Ẹja mọ́kànlá, lẹ́yìn náà ìyàwó.

"Kí ni èyí?"

"Ẹyin ni, sà."

"Ẹ gbé kámẹ́rà mi wọmi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ó tó di tiyín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Tó bá kú ńkọ́?"

"Ǹ bá máa ya ìyàwó fún yín títí ọjọ́ ogbó mi."

Ó bínú, ó sì jẹ́ kí n mọ̀ pé òun bínú. Ó pè mí ní olè tó mọ̀wé. Ó pè mí ní nǹkan méjì mìíràn. Mi ò jiyàn, torí kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa fọ́tò kẹsàn-án tóbi, èyí tí akọ ti la ẹnu sí gíláàsì tí ẹyin sì hàn lábẹ́ rẹ̀ bí iyọ̀ tó dà sílẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Ó ti yé mi wàyí, ìdí tí ẹ fi ń gé orí àwọn èèyàn mi. Ẹja ò ní ọrùn."

Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín.

"Sátidé méjì sí i," ó wí. "Kámẹ́rà dúró sọ́dọ̀ mi."

Ajé, 9

Ìgbìmọ̀. Yàrá tó gbóná, àga méjìlá, fọ́tò wa lára ògiri. Ọ̀mọ̀wé sọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó fi ń lọ sí ibi ọ̀fọ̀, ó jókòó bí igi. Nígbà tí fọ́tò kẹsàn-án jáde, gbogbo wọn na ọrùn wò ó, mo sì rò pé ó tán, a ti borí. Ni ọ̀kan nínú wọn bá gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè.

"Ó dára. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ò lè yà á kí ó mọ́lẹ̀ jù báyìí lọ? Apá òsì yìí ṣókùnkùn."

Mo di àga mú. Ọ̀mọ̀wé tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Ọjọ́bọ̀, 12

Lẹ́tà dé. Ẹ̀rọ iyanrìn kò gbọ́dọ̀ wọ apá àríwá fún ọdún kan. Ọdún kan péré. Ní ìparí rẹ̀, kí á tún mú ẹ̀rí tuntun wá, "pẹ̀lú àwòrán tó tún dára ju èyí lọ." Ta ló máa ra iná? Ta ló máa ra ilé tó ní fèrèsé? Wọn ò kọ ìyẹn síbẹ̀.

Mo ka lẹ́tà náà fún ẹ̀gbọ́n mi létí ọkọ̀. Ó ní kí n tún ibi "ọdún kan" kà. Mo tún un kà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe, ó ń kọrin tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Èmi ni mò ń bínú. Òun ní ọdún kan.

Àbámẹ́ta, 14

Ìgbéyàwó karùn-ún, ìgbẹ̀yìn. Rẹ́rìn-ín fi kámẹ́rà náà lé mi lọ́wọ́ níwájú gbọ̀ngàn, ó nu gíláàsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ti di tèmi, nígbà tí kò sí nǹkan kan tí mo lè rí lábẹ́ omi mọ́.

Àìkú, 15

Mo tẹ̀ lé Ọ̀mọ̀wé lọ sí etí adágún ní apá àríwá. Atẹ́gùn ti rọlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n omi ṣì pọ́n. Mo gbé kámẹ́rà kọ́rùn, mi ò tiẹ̀ mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ká ṣòkòtò sókè, ó wọ inú omi dé orúnkún, ó ní kí n wá, kí n rọra, kí n má ru ilẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mi ò kọ́kọ́ rí nǹkan kan. Ìgbà tó yá, ojú mi mọ́ ọn: àwọn ọmọ ẹja wà láàárín ẹsẹ̀ wa, ọgọ́rùn-ún, igba, mi ò mọ̀, wọn ò nípọn ju òwú lọ, ojú nìkan ló dúdú lára wọn. Bí òjìji mi bá mì, gbogbo wọn á yí lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo gbé kámẹ́rà sókè, mo gbìyànjú. Pupa ni gbogbo ohun tí mo rí nínú rẹ̀. Kò sí kámẹ́rà tó lè yà wọ́n nínú omi yẹn, iye yòówù kí wọ́n máa tà á. Mo fi kámẹ́rà sẹ́yìn, mo gbé ọwọ́ lé orúnkún, mo sì dúró síbẹ̀ tí mò ń wò wọ́n títí ẹsẹ̀ mi fi kú, tí Ọ̀mọ̀wé fi ní ká máa lọ, tí mo ní kí ó ṣe sùúrù díẹ̀ sí i.